Ajá mi kì í kùn mọ́ kó tó gé ènìyàn jẹ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹniọlá (Ìbàdàn)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí gidi. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá wa. Àlùsáṣíà tó ní ẹ̀jẹ̀ ajá ìbílẹ̀ lára ni, ọdún mẹ́ta ni yóò pé lóṣù Ọ̀wàrà. Ọkọ mi ló gbé e wálé nínú páálí bisikíìtì, òun náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Aládùúgbò kan wà tó ń fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ halẹ̀ mọ́ wa nígbà náà. Ọkọ mi ní kó máa gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń pe ajá òun. Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí ọkọ mi ti dágbére fáyé.

Nígbà tó wà láyé, òun nìkan ló ń fún ajá yìí lóúnjẹ. Èmi kì í sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn tó lọ tán, bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ìgbà náà ni Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí kùn: ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ rẹ̀ kọjá, á kùn mọ́ ọn. Bàbá géètì á fi igi nà án. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 19, á yọ bẹ́líìtì sí i. Mi ò dá wọn lẹ́kun, mo pè é ní ìwà àfojúdi tó yẹ kí wọ́n tètè kápá. Kò ju oṣù méjì lọ tó fi jáwọ́. Kò kùn mọ́ rárá. Inú wa dùn, a ní ó ti gbọ́n.

Ní Sátidé tó kọjá, Ẹniọlá, ọmọ ọdún méje, lọ mú sílípáàsì rẹ̀ kan tó wà nítòsí abọ́ ajá. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, ojú mi ló ṣe. Ajá náà kò kùn, kò gbó. Ó kàn dáwọ́ jíjẹ dúró, ẹnu rẹ̀ ṣì wà nínú abọ́, gbogbo ara rẹ̀ wá le bí igi tí wọ́n gbẹ́. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀lé e ni igbe ọmọ mi. Ihò eyín méjì ló wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kan jinlẹ̀. Ajá ti fi í sílẹ̀ kí n tó débẹ̀, ó ti sá lọ sábẹ́ ọkọ̀ bàbá wọn, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

A fi omi ṣan ọwọ́ ọmọ. Ìyá ọkọ mi sun irun ajá náà, ó pò ó mọ́ àdín, a fi sí ojú ọgbẹ́. Abẹ́rẹ́ ajá, ọkọ mi kì í jẹ́ kó yẹ̀. Ti ọdún yìí ni a ò tíì gún. Àbúrò ọkọ mi ní kí n ta ajá náà kíá, pé ajá tó bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò kì í jáwọ́. Ọkàn mi pín sí méjì. Ọmọ mi ni ọmọ mi, kò sí ohun tí mo lè fi wé e. Ṣùgbọ́n ajá yìí nìkan ló ṣì máa ń dìde lọ sí géètì ní aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, àkókò tí ọkọ mi máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣé ó ṣeé tún kọ́? Àbí kí n jẹ́ kí wọ́n mú un lọ?

Nọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ẹniọlá, ẹ dákun, ẹ gbé ọmọ yẹn lọ sí ọsibítù lónìí yìí. Kí ẹ tó jáde, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ẹ wo aago. Gbogbo àdín àti irun yẹn gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni màmá fi ṣe é, ṣùgbọ́n irun ajá kì í pa kòkòrò dìgbòlugi.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lẹ bá wá. Wọ́n á gún un lónìí, wọ́n á tún gún un lẹ́yìn ọjọ́ 3, lẹ́yìn ọjọ́ 7, àti ìgbà yòówù tí dókítà bá tún dá. Ẹ má fo ọ̀kankan. Nítorí pé ihò kan jinlẹ̀, ẹ béèrè oògùn dìgbòlugi tí wọ́n ń gún sí ojú ọgbẹ́ gan-an, kí ẹ sì rán wọn létí TT, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹ má pa ajá náà, ẹ má sì tà á báyìí. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ajá tó bá ní dìgbòlugi nínú itọ́ lọ́jọ́ tó gé ènìyàn jẹ, àìsàn á ti hàn lára rẹ̀ tàbí kó ti kú kí ọjọ́ 10 tó pé. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn dúró kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ. Nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀ ràn wọ́n. Tí àìsàn náà bá ti yọjú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Mo ti jókòó ti ọmọkùnrin kan tí omi inú kọ́ọ̀bù ń dẹ́rù bà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ajá gé e jẹ, ojú ọgbẹ́ ti jiná, àwọn òbí rẹ̀ ti gbàgbé. Ẹ gbé ọmọ náà lọ.

Ìyá Ẹniọlá

A ti ń lọ. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ọ̀gá Adé (Ọ̀ṣogbo)

Ẹ kú àdánwò, mà. Ọlọ́run á wo ọmọ sàn. Èmi ní ajá Boerboel mẹ́ta nílé, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ajá yẹn ti gba ipò baálé látìgbà tí bàbá ti lọ. Ajá a máa wá ẹni tó jẹ́ olórí. Tí kò bá rí, òun fúnra rẹ̀ á di olórí. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin yín dá a dùbúlẹ̀, kó tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí á fi túúbá. Kó máa ti ọwọ́ bọ inú oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́, kó máa gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe é fún tèmi, kò sí èyí tó dán an wò.

Bàbá Alájá (Abẹ́òkúta)

Ìyá Ẹniọlá, mo dúpẹ́ pé ẹ ti gbé ọmọ lọ. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń kọ́ ajá. Ajá ọlọ́pàá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ajá inú ilé ni mo ń bá ṣe báyìí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ẹ fúnra yín kọ. Ẹ ní ara rẹ̀ le bí igi tí wọ́n gbẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣì wà nínú abọ́. Mà, ọ̀rọ̀ ló ń sọ yẹn. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì fi igi gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ajá kì í ṣàdédé gé ènìyàn jẹ. Ó ní bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Á kọ́kọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Á fi ahọ́n lá imú, bẹ́ẹ̀ kò jẹun. Á yán, bẹ́ẹ̀ oorun kò kùn ún. Tó bá jẹ́ ìdí abọ́ ló wà, á máa yára gbé oúnjẹ mì, á tẹ orí wọ inú abọ́, ẹ ó sì rí funfun ẹyinjú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òṣùpá ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Tí ẹnikẹ́ni ò bá ka gbogbo ìyẹn sí, ara á le. Lẹ́yìn náà ló ń kùn. Lẹ́yìn ìkùn, á ká ètè. Lẹ́yìn ètè ni eyín. Ìkùn nìkan ni etí ọmọ aráyé tó ń kánjú lè gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá na ajá nítorí ìkùn kò mú ohun tó ń bí i nínú kúrò, ohùn rẹ̀ ló mú kúrò. Àwa Yorùbá ní ìkùnsínú, a sì mọ ohun tó ń ṣe nínú ilé. Tanímọ̀la kò gbọ́n láàárín oṣù méjì yẹn. Inú ló ń kùn sí.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ó ti ọwọ́ mi ṣẹlẹ̀. Ọdẹ ni bàbá mi, ní abúlé kan lẹ́yìn Òǹdó. Ó ní ajá kan tó ń jẹ́ Ẹ̀yìnlàárò, abo ni, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, etí òsì rẹ̀ ti ya. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Nígbà tó bímọ, ó ń kùn mọ́ mi bí mo bá fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀, mo sì ń fi pankẹ́rẹ́ nà án lẹ́nu. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mò ń pọn omi tó ń mu. Ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi rá lọ sídìí àwọn ọmọ ajá náà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Àpá náà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ àbúrò mi títí dòní, bẹ́ẹ̀ ó ti bímọ mẹ́rin. Ọjọ́ kejì ni bàbá mi fa ajá náà lé ọkùnrin tó ń ra ajá kiri lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ agbègbè wa mọ ibi tó ń kó wọn lọ. Ẹ̀yìn ló ń wò títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Mi ò sọ fún bàbá mi pé èmi ni mo gba ohùn lẹ́nu ajá yẹn, títí bàbá fi kú.

Ọ̀gá Adé, mi ò bá yín jà. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà nìyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ olórí agbo yẹn, ara ìkookò tí wọ́n kó sínú ọgbà ni wọ́n ti fà á yọ. Rudolf Schenkel, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, ló kọ ọ́ ní 1947, láti ara ìkookò ọgbà ẹranko Basel ní Switzerland, níbi tí wọn ò ti ní igbó tí wọ́n lè sá wọ̀ bí ìjà bá dé. David Mech, ará Amẹ́ríkà, tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1970. Ọkùnrin yìí kan náà wá lọ fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìkookò nínú igbó wọn ní Kánádà, ó rí i pé bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí ni agbo jẹ́, kò sí ẹni tó ń jìjà oyè. Ó kọ ọ́ síta ní 1999 pé kò tọ́ kí wọ́n máa wo agbo ìkookò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ajá kì í tilẹ̀ ṣe ìkookò. Ní 2009, àwọn dókítà ẹran Yunifásítì Pennsylvania gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi bi àwọn alájá 140 ní ohun tí wọ́n ti ṣe sí ajá wọn. Nínú àwọn tó ti lu ajá tàbí tí wọ́n ta á nípàá, 43 nínú ọgọ́rùn-ún ní ajá náà kọjú ìjà sí wọn. Nínú àwọn tó dá a dùbúlẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, 31. Ẹ wá ro ti ọmọ ọdún 19 yẹn, bí ojú rẹ̀ yóò ṣe súnmọ́ eyín tó nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Pé tiyín kò tíì dán an wò, inú mi dùn sí i. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ àlejò ti ọwọ́ bọ abọ́ wọn.

Ti ẹ̀jẹ̀ títọ́wò, kò rí bẹ́ẹ̀. Ajá tó gé lẹ́ẹ̀kan, tó fi sílẹ̀, tó sá lọ sábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó fẹ́ kí ènìyàn kúrò nídìí abọ́ òun ni. Tó bá jẹ́ pé ó di ọwọ́ ọmọ mú tó ń gbọ̀n ọ́n ni, ìmọ̀ràn mìíràn ni mi ò bá fún yín.

Kí ló ń bà á lẹ́rù? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ajá níbí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ti ń já a lẹ́nu ọmú, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló yẹ. Inú páànù kan ni wọ́n ń da oúnjẹ sí fún ọmọ ajá mẹ́jọ, ẹni tó bá yára ló yó. Ó dé ọ̀dọ̀ yín, ó bá ọwọ́ kan ṣoṣo pàdé, ọwọ́ ọkọ yín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọwọ́ yẹn lọ láìdágbére. Ọwọ́ tó rọ́pò rẹ̀ mú igi dání. Ẹ̀yin náà ṣọ̀fọ̀, mà. Òun náà ṣọ̀fọ̀, igi ló sì bá nídìí oúnjẹ.

Kí ẹ tó kọ́ ọ ní ohunkóhun, kí dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbàdàn lẹ wà, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Kí wọ́n wo inú etí rẹ̀, kí wọ́n la ẹnu rẹ̀ wo eyín. Mo ti rí ajá tí wọ́n ní iwin ló wọ̀ ọ́, eégbọn ló kún etí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá na ọwọ́ sí i lórí, egbò ló ń na ọwọ́ sí.

Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nà án mọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Ibi tó ní ìlẹ̀kùn ni kó ti máa jẹun, kí ìlẹ̀kùn wà ní títì, aago méje àárọ̀ àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kó má yẹ̀. Ajá tó mọ ìgbà tí oúnjẹ ń bọ̀ kì í ṣọ́ abọ́ òfìfo. Ẹniọlá kò gbọdọ̀ débẹ̀, kódà lẹ́yìn tó bá ti yí padà.

Tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ẹ ra ẹ̀dọ̀ màlúù. Ẹ bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀ sí i, ẹ má fi àlùbọ́sà sí i rárá, májèlé ni fún ajá. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná àtàǹpàkò. Ẹ so ajá mọ́ òpó tó dúró dáadáa, kí okùn gùn tó kó lè jẹun nírọ̀rùn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣe é, kì í ṣe bàbá géètì, kì í ṣe àkọ́bí yín. Ẹ dúró níbi tó jìnnà débi pé ó lè gbójú sókè wò yín láìjẹ́ pé ara rẹ̀ le. Ó lè jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó lè jẹ́ ogún. Ẹ gbé ìgbésẹ̀ kan sún mọ́ ọn, ẹ ju ẹ̀dọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ẹ yí padà, ẹ máa lọ. Ó parí. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ wọlé. Ẹ má dúró wò ó lójú. Yíyí padà yẹn ṣe pàtàkì bí ẹ̀dọ̀, nítorí ohun tó ń bẹ̀rù ni pé ẹ máa dé, ẹ máa gba abọ́.

Ọjọ́ tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ yín, tó gbé orí kúrò nínú abọ́ fúnra rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ là wẹ́rẹ́, tí ìrù rẹ̀ wá sílẹ̀ tó ń mì lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ọjọ́ yẹn lẹ lè sún mọ́ ọn ní ìgbésẹ̀ kan sí i. Tí ara rẹ̀ bá le, ẹ ti sún mọ́ jù, ẹ padà sẹ́yìn lọ́jọ́ kejì. Tó bá kùn, ẹ gbọ́ mi o, ẹ dúpẹ́. Ohùn rẹ̀ ló ń padà bọ̀. Ẹ rọra kúrò níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bàbá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè yẹn. Ajá ò mọ̀ ọ́n látọ̀run wá: wọ́n á fọn ọ́n, ẹran á tẹ̀lé e, wọ́n á tún fọn ọ́n, ẹran á tún tẹ̀lé e, títí á fi di pé ó gbọ́ ọ láti òkè odò. Ẹsẹ̀ yín ni kó di fèrè.

Mi ò ní fi dá yín lójú pé yóò rí bó ti rí nígbà ayé ọkọ yín. Ajá tó ti gé ọmọ jẹ lẹ́ẹ̀kan, à ń ṣọ́ ọ títí ayé rẹ̀ ni. Tó bá tún gé ènìyàn jẹ tó jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, tàbí tó ń lépa ọmọ nígbà tí oúnjẹ kò sí nílẹ̀, ẹ lọ bá dókítà ẹran sọ ọ́ tòótọ́ tòótọ́, kí ẹ sì gba ohun tó bá wí. Tó bá di pé ẹ fẹ́ fi fún ẹlòmíràn, ẹ sọ gbogbo ohun tó ṣe fún ẹni náà. Mo mọ àwọn tó tà á láìsọ. Ilé kejì ló ti ya ojú ọmọ.

Ọ̀gá Adé

Bàbá, mo gbọ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bá mi la ibì kan yé: ṣé kì í ṣe pé à ń fi ẹ̀dọ̀ bẹ ajá ni? Ó kùn, a ju ẹ̀dọ̀. Ṣé kò ní máa kùn kó lè rí ẹ̀dọ̀ jẹ?

Bàbá Alájá

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀dọ̀ kì í tẹ̀lé ìkùn, ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń tẹ̀lé. Ó kùn o, kò kùn o, bí ẹsẹ̀ bá ti dún, ẹ̀dọ̀ ń bọ̀. Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn ló ń wádìí. Ó wá rí i pé itọ́ ti ń dà lẹ́nu àwọn ajá rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé, bí wọ́n bá ti gbọ́ ohun tó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Ajá kò jókòó pinnu pé kí itọ́ òun dà, ara rẹ̀ ló ṣe é. Bí ẹ̀rù náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rù ni à ń yí padà. Bí ẹ̀rù bá lọ, ìkùn kò níṣẹ́ mọ́. Ẹ dán an wò lára tiyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dípò kẹ́ ẹ ti ọwọ́ bọ abọ́, ẹ ju ẹran kan sí i kí ẹ máa lọ, kí ẹ wá wo ojú wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham

Ẹ kú ilé o. Ìbonu ajá (ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ajá lẹ́nu kó má bàa gé ènìyàn jẹ) ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí ẹ máa nílò rẹ̀ tí ẹ bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Níbí, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 2024, ẹni tó bá ní XL Bully, irú ajá ńlá kan, ní England àti Wales gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ajá náà kò sì gbọ́dọ̀ jáde láìsí okùn lọ́rùn àti ìbonu lẹ́nu. Aládùúgbò mi ní ọ̀kan. Ó ra ìbonu, ọjọ́ náà gan-an ló de é mọ́ ọn lẹ́nu. Ajá náà fi èékánná ya imú ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

Èyí tó ṣe bí agbọ̀n ni kẹ́ ẹ rà, tó lè la ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ nínú rẹ̀, tó sì lè mu omi. Ẹ má ra aláṣọ tó ń pa ẹnu dé pátápátá. Mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn ni ajá fi ń tu ara lára, oòrùn Ìbàdàn kì í ṣeré. Bọ́tà ẹ̀pà ni mo fi ra inú rẹ̀ fún tèmi (ẹ wo ara agolo, kó má ní xylitol, ohun adùn tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà, ó ń pa ajá). Mo dì í mú, mo jẹ́ kó fi imú ara rẹ̀ wọ inú rẹ̀, mi ò de é. Ọjọ́ 16 ni mo fi ṣe ìyẹn nìkan. Ní báyìí, tí mo bá mú un kúrò lára ìṣó, á sáré wá bá mi.

Ìyá Ẹniọlá

Ẹ̀yin ará mi, mo ní kí n wá jíṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá.

Ẹniọlá gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Ọwọ́ ti jiná, àpá kékeré kan ló kù bí ẹyọ ẹ̀wà. Ọjọ́ 10 kọjá, àìsàn kankan ò ṣe ajá, wọ́n sì ti gún abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bàbá Alájá, etí ọ̀tún rẹ̀ ti ń ṣọyún nínú. Ọkọ mi ló máa ń nu etí yẹn fún un, kò sí ìkankan nínú wa tó rántí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi kán oògùn sí i.

Mo lọ gba igi lọ́wọ́ bàbá géètì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ká ṣòkòtò sókè, ó fi ojúgun rẹ̀ hàn mí. Ajá ti gé e jẹ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní kò sí ọjọ́ tí òun gbé abọ́ yẹn tí àyà òun kì í já. Mo bẹ̀ ẹ́, mo gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́bí mi, mo ka ìtàn Ẹ̀yìnlàárò fún un sókè. Ó dìde kúrò ní pálọ̀ láìsọ nǹkan kan. Lálẹ́ ló wá kan ìlẹ̀kùn mi, ó ní ṣé òun lè máa ra ẹ̀dọ̀ náà bọ̀ láti ọjà Bódìjà.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ dáadáa. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo kánjú, mo dé ìgbésẹ̀ mẹ́fà, ó sì kùn. Mo rọra padà sẹ́yìn bí ẹ ṣe wí, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo bú sẹ́kún. Mo ti gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo gba inú ẹrẹ̀ bọ̀, sálúbàtà mi ń dún pọ̀tọ̀ pọ̀tọ̀. Ó gbé orí sókè kí n tó dé ibi tí mo máa ń dúró sí, horo ìrẹsì kan lẹ̀ mọ́ imú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó wá fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn kúrò nídìí abọ́, ìgbésẹ̀ kan péré, bí ìgbà tí ènìyàn bá sún láti fi àlejò jókòó. Ìrù rẹ̀ ń mì nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ju ẹ̀dọ̀ náà, mo yí padà, orúkọ ọkọ mi ni mo ń pè lọ sínú ilé.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni a wà báyìí. Ẹniọlá ń wò ó lójú fèrèsé, ó ń bi mí léèrè ìgbà tí òun máa kí i. Kí ni kí n sọ fún un?

Bàbá Alájá

Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ti ẹsẹ̀ kan tó fi sẹ́yìn yẹn fún ìyàwó mi.

Ẹ má sún mọ́ ọn ju báyìí lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹniọlá lè kí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà oúnjẹ, kì í ṣe níbi tí eegun tàbí abọ́ bá wà. Kó jókòó tì yín nínú ilé, kí ajá wà níta fèrèsé onírin. Kó ju ẹ̀dọ̀ kan jáde, kó pè é lórúkọ, kó tán. Kó má na ọwọ́ sí i. Tí ajá náà bá ń wá sídìí fèrèsé pẹ̀lú ara tó rọ̀, ẹ padà wá sọ fún mi ká tó gbé e kọjá ibẹ̀. Kí ẹ sì tètè padà wá kí bánńgà Kérésì tó bẹ̀rẹ̀ sí dún, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, oṣù kan ṣáájú ni a ti ń múra rẹ̀.

Ti aago mẹ́fà àbọ̀ tó ń lọ sí géètì, ẹ má pè é padà. Nígbà tí àyè bá yọ̀ọ̀da, ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ dúró níwọ̀n tó gbà yín láàyè, kí ẹ jọ máa wo títì.